Ta Ló Jẹ̀bi Ẹsẹ̀ Àǹtí Bùnmi?

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí ní Ìbàdàn ni Àgànyìn. Obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́nu géètì Yunifásítì ló pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ní kó bá mi mú èyí tó rọ̀ díẹ̀, ló bá gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Àgànyìn, èwo lo fẹ́ nínú ẹ̀?" Mo dúró, mò ń wò ó. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi àti bàbá rẹ̀ sí. Ọmọ Alákétu ni mí. Tí wọ́n bá ń ka àwọn ọmọ Odùduwà, wọn ò lè kà á tán kí wọ́n má dárúkọ wa. Àmọ́ lójú àwọn ará ibí, ẹni tó bá ti gba ẹnubodè wọlé, Kútọnu ló ti wá, ẹni tó bá sì ti Kútọnu wá, Àgànyìn ni. Mo gba bọ̀ọ̀lì mi, mo jẹ ẹ́ ní ìdúró lẹ́bàá títì.

Mo ti rò pé nígbà tó jẹ́ èdè kan náà là ń sọ, kò ní dà bí òkè òkun. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi tó lọ sí ilẹ̀ Faransé ni mò ń káàánú. Mi ò mọ̀ pé èdè tó jọ tìrẹ lè le ju èyí tí o ò gbọ́ rárá lọ. Ẹni tí kò gbọ́ èdè, wọ́n á ní àlejò ni, wọ́n á fọwọ́ júwe fún un. Èmi, tí mo bá ti lanu báyìí, ẹ̀rín ni. Mo ní mo fẹ́ ra pẹ́ẹ̀nì, wọn ò mọ̀ pé búrẹ́dì ni. Mo pe ọlọ́kadà ní sẹ́mìjáàn, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni mò ń pè. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ohùn mi ò sì ju ibi tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ti gbọ́ lọ. Mo rò pé ọgbọ́n ni.

Àǹtí Bùnmi ló gbà mí síṣẹ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Agbowó, níbi tó ti ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọléèwé àti aṣọ iṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́. Mo ti kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ ní Kétu, mo sì ti wọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kí n tó dé tirẹ̀, gbogbo wọn ló ní kí n máa lọ. Òun ò bi mí ní nǹkan kan. Ó ju ṣòkòtò kan tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́ sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Bá mi tún un ṣe, ká wò ó." Nígbà tí mo ṣe é tán, ó fà á sókè, ó fà á wálẹ̀, ló bá gbójú sókè wò mí.

"Níbo lo ti wá?"

"Kétu ni, mà."

"Ọmọ Kétu. Èmi, ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ délùú yìí, wọ́n ní èdè ẹyẹ ni mò ń sọ." Ó nawọ́ sí máṣíìnì tó wà lẹ́bàá fèrèsé. "Jókòó síbẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ọmọ Kétu. Ẹni tó bá pè mí ní Àgànyìn níwájú rẹ̀, á dá a lóhùn pé, "Ó lórúkọ." Ó fún mi ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Tó bá se ọbẹ̀ nílé, á bu tèmi dání wá láàárọ̀. Kò bí mi, kò sì sọ pé òun bí mi. Ó kàn ṣe é ni.

Síbẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú máa ń le. Àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn, ariwo jẹnẹrétọ̀ ló kù ní gbogbo Agbowó. Ìgbà yẹn ni mo máa ń pe ìyá mi. Á béèrè bóyá mo ti jẹun, á béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo máa ń sọ fún un pé ilé tí mò ń gbé tóbi, ó sì lẹ́wà, pé mo ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Á ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ." Tí fóònù bá ti kú, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa wo ìlẹ̀kùn.

Àmọ́ ayọ̀ díẹ̀díẹ̀ náà wà. Ọjọ́ kan ní ibùdókọ̀ Ṣàngó, bàbá àgbàlagbà kan bi mí pé níbo lòun ti máa wọ ọkọ̀ Apẹ̀tẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo júwe fún un, ó dúpẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rìn padà dé Agbowó tí mò ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Àǹtí, ó ní, "Ó dáa. Ọjọ́ tí wọ́n bá bi ẹ́ lọ́nà tí o bá ṣì wọ́n lọ́nà, tí o ò sì kábàámọ̀, ọjọ́ yẹn lo di ọmọ Ìbàdàn."

Bí a ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ tí a lọ sí ẹsíteètì Olúyọ̀lé.

Aṣọ iṣẹ́ la kó lọ fún iléeṣẹ́ kan níbẹ̀. Wọ́n gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n dá àwọn tó kéré jù padà. Oòrùn mú, ẹrù wà lọ́rùn wa, Àǹtí ní ká fi áàpù orí fóònù rẹ̀ pe ọkọ̀ kó gbé wa dé Agbowó tààrà. Wàsíù ni orúkọ awakọ̀ tó wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tó bọ́ sílẹ̀ bá wa gbé ẹrù. Búùtù ò gba gbogbo ẹ̀, a kó ìyókù sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Èmi fún ara mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àǹtí lọ síwájú kó lè ríbi na ẹsẹ̀.

A ò tíì jáde ní ẹsíteètì nígbà tí Wàsíù sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kánsù ẹ̀ lórí fóònù yín. Iye tó gbé wá náà lẹ máa san, ẹ ṣáà kó o lé mi lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ áàpù yìí ń gé owó wa jù."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Gbogbo yín náà lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Kò mú awò ojú rẹ̀ dání, ló bá na fóònù sẹ́yìn sí mi. "Ọmọ Kétu, bá mi fagi lé e."

Fóònù bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Lójú áàpù náà, kò sọ́kọ̀ mọ́, kò sí àwa náà mọ́, a ò lọ síbì kankan.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bí mo ṣe fagi lé e, fóònù ti Wàsíù gbà pé ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣófo. A dé Ring Road, fóònù tó so mọ́ iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Èrò mìíràn ló ń pè é. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Àǹtí ti dijú, ó fi orí ti ìjókòó. Wàsíù na ọwọ́ sí fóònù náà, ó tẹjú mọ́ ọn láti ka ibi tí ẹni náà wà.

Èmi ń wo ojú títì. Mo rí máíkírà kan, àwọn takisí kékeré tó kún Ìbàdàn yìí, tó dúró gbì níwájú wa nítorí obìnrin kan tó nawọ́ sí i. Mo rí i pé Wàsíù ò rí i. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pè é, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ béèrè omi. Ohùn tí mo ti ń lò láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo lò. Kò gbọ́. Ìgbà tó fi gbójú sókè, ó ti pẹ́. Ó yí ọkọ̀ sí ọ̀tún, a yẹ máíkírà náà, a kọ lu òpó iná. Ẹ̀gbẹ́ tí Àǹtí wà ló gbá a.

Àwọn aṣọ tí wọ́n dá padà ló wó lù mí, wọ́n sì gbà mí sílẹ̀ bí ìrọ̀rí. Nígbà tí mo yọ orí láàárín wọn, máíkírà náà ti gbé obìnrin rẹ̀, ó ti ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní iwájú orí Wàsíù. Àǹtí ò pariwo. Ó ń sọ èdè Ìkàrẹ́ wúyẹ́wúyẹ́, gbólóhùn kan náà lásọtúnsọ. Títí dòní mi ò mọ ohun tó ń sọ, mi ò sì lè bi í.

Egungun itan rẹ̀ ti ṣẹ́. Ní ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n gbé wa lọ, nọ́ọ̀sì wò mí láti òkè délẹ̀, ó rí i pé ara mi dá ṣáṣá, ó rán mi níṣẹ́ pé kí n lọ ra báńdéèjì. Mo sáré lọ, mo sáré bọ̀. Inú mi dùn pé wọ́n rán mi níṣẹ́. Ìgbà tí iṣẹ́ tán ni ìyà náà bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wo àtàǹpàkò mi. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń sọ fún mi pé kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mò ń dúpẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń korò lẹ́nu mi. Nígbà tí ìyá mi pè, mo ní ibà ló ń ṣe Àǹtí.

Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ni àbúrò Àǹtí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, Bódìjà ló ń gbé. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ ìyókù. Dókítà ti ní àwọn máa la itan náà, àwọn á fi irin sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní jiná dáadáa. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé pè mí jáde lábẹ́ igi kan nínú ọgbà ilé ìwòsàn.

"Mo ti bá lọ́yà kan sọ̀rọ̀," ó ní. "Awakọ̀ ló jẹ̀bi. Àmọ́ kí la fẹ́ rí gbà lọ́wọ́ awakọ̀? Ẹni tó ni ọkọ̀ náà pín nínú ẹ̀bi, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, òun náà ló run yẹn. Máíkírà ti sá lọ, ẹnikẹ́ni ò ka nọ́ńbà rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ni áàpù yẹn ló ní owó adójútòfò fún èrò tó bá ṣèṣe. Tí ìrìnàjò bá wà lórí áàpù, wọ́n á tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi. Tí kò bá sí, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ wá rí."

"A ti fagi lé e, sà."

"Mo mọ̀. Ta ló fagi lé e?"

Mo ká àtàǹpàkò mi sínú àtẹ́lẹwọ́.

"Gbọ́ mi dáadáa. Tó bá jẹ́ pé awakọ̀ ló gba fóònù lọ́wọ́ èrò, tó fagi lé e fúnra rẹ̀, òun ló ṣe màgòmágó, èrò ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n á ṣì sanwó. Ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀ tójú ẹ là. Wàsíù ló gba fóònù lọ́wọ́ yín. Ohun tí wàá sọ nìyẹn tí wọ́n bá pè wá." Kò bínú sọ ọ́. "Ṣé o mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe fún ẹ nílùú yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Lọ́jọ́ kejì, Wàsíù náà wá. Ó fi báńdéèjì wé orí, ọsàn wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé fi lọ, kó tó sún mọ́ mi.

"Ẹ bá mi gbé e fún Màmá. Àǹtí, mo fẹ́ bẹ̀ yín ni. Mo gbọ́ pé iléeṣẹ́ máa pè yín. Ẹ má sọ pé mò ń wo fóònù. Máíkírà ló fa gbogbo ẹ̀, àbí kò dúró lójijì?"

"Ó dúró lóòótọ́."

"Ṣé ẹ rí i? Kẹ́ ẹ ṣáà sọ ìyẹn. Tó bá jẹ́ máíkírà, wọn ò ní yọ mí. Màá rí ọkọ̀ ẹlòmíì wà. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni."

Mo gba ọsàn náà. Mi ò ṣèlérí fún un, mi ò sì kọ̀ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo ti gbà, ó sì lọ. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ kí n ran àwọn lọ́wọ́, ìrànwọ́ tí mo bá sì ṣe fún ọ̀kan, ọrùn ìkejì ló máa já lé.

Mo pe ìyá mi, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹni tó wà nílùú onílùú, ojú ló fi ń rí nǹkan, kì í fẹnu sọ ọ́. Di ẹrù ẹ, máa bọ̀ nílé kí wọ́n tó pè ẹ́." Mo ní mi ò lè fi Àǹtí sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Nígbà náà, sọ ohun tí àwọn èèyàn ẹ̀ bá ní kó o sọ. Ṣé òtítọ́ ló máa fún ẹ nílé gbé?"

Mo ronú púpọ̀ lórí ìyẹn. Nílé wa ní Kétu, ká ní irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà ìhà méjèèjì á jókòó. Olúkúlùkù á sọ tirẹ̀: èmi ló bẹ̀ wọ́n, èmi ló gbà, èmi ló tẹ̀ ẹ́, èmi ló dúró láàárín títì. Wọ́n á pín ẹ̀bi náà títí táá fi dé ìwọ̀n tí ẹnì kan lè gbé relé. Níbí, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá tí wọ́n á gbé gbogbo ẹ̀ lé lórí. Ẹni tí kò sì ní ẹbí nílùú, orí rẹ̀ ló máa ń wà nítòsí jù. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ṣàánú Wàsíù. Bóyá ìdí nìyẹn náà tí ẹ̀rù rẹ̀ fi bà mí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní ká wá, mo lọ fi kàn-ìn-kàn-ìn nu ara Àǹtí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Káyọ̀dé ti sọ fún mi ohun tó ní kó o sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tí ìrora yìí bá dé, mo máa ń fẹ́ kó o sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá rọlẹ̀, mi ò fẹ́ mọ́." Ó dijú. "Mi ò lè sọ fún ẹ èwo nínú méjèèjì ni èmi gan-an."

Ọ́fíìsì iléeṣẹ́ áàpù náà wà ní Bódìjà, ó tutù bí inú fíríìjì. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ kóòtù ló gbà wá, ó pọ́n wa lé, ó fún wa lómi. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé jókòó ní ọ̀tún mi, Wàsíù jókòó lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú fìlà tó fi bo báńdéèjì rẹ̀. Obìnrin náà béèrè ibi tí a ti wọkọ̀ àti ibi tí a ń lọ. Ó wá ní, "Ta ló fagi lé ìrìnàjò yín?"

Mo rí ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé lórí orúnkún rẹ̀. Mo ti há gbólóhùn tó fún mi sórí. Mo lanu láti sọ ọ́, àmọ́ nǹkan mìíràn ló jáde.

"Èmi ni."

"Ṣé awakọ̀ fipá mú yín?"

"Ó bẹ̀ wá. Ọ̀gá mi gbà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Wàsíù mí kanlẹ̀. Obìnrin náà wá ní, "Kí lẹ rò pé ó fa ìjàǹbá náà?"

"Máíkírà kan dúró lójijì."

Wàsíù ń mi orí. Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Àmọ́ mo ti gba ẹsẹ̀ Àǹtí lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí òtítọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ wá fi irọ́ tọ́jú àjèjì? Mo ní, "Awakọ̀ ń wo fóònù. Ẹlòmíì ló ń pè é torí fóònù rò pé kò gbé èrò. Kò rí máíkírà náà. Èmi rí i, mi ò pariwo."

Obìnrin náà kọ ọ́, ó kọ ọ́, ó wá dúró. "Ẹ má bínú, mà. Èyí tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn, mi ò bi yín léèrè rẹ̀."

"Mo mọ̀," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́."

Kò kọ ọ́. Ó ní kò sí ibi tó lè kọ ọ́ sí.

Níta, Wàsíù dúró lẹ́bàá géètì. Ó wò mí, kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìyẹn ló pa mí lára jù. "Àǹtí, ẹ ò purọ́ mọ́ mi," ó ní. "Àmọ́ iṣẹ́ mi ti lọ báyìí." Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ti wọnú mọ́tò rẹ̀. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó ní, "Àgànyìn ni ẹ́ lóòótọ́," ó sì wakọ̀ lọ. Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Agbowó.

Bí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ṣe sọ lábẹ́ igi náà ló rí. Iléeṣẹ́ náà ní lákòókò tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, kò sí ìrìnàjò kankan lórí áàpù, nítorí náà, kò kàn wọ́n. Wọ́n bá wa kẹ́dùn, wọ́n sì yọ Wàsíù. Àwọn ọlọ́pàá ní awakọ̀ ló jẹ̀bi àti ẹni tó gbé ọkọ̀ fún un. Bàbá tó ni ọkọ̀ náà, àgbàlagbà tó ń ti ọ̀pá, ta ohun tó kù lára rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin, ó kó owó náà wá fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí lórí bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí ní kó dìde. Ohun tó mú wá ò tó. Méjì nínú máṣíìnì Àǹtí la tà kún un, èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé sì wà nínú wọn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, àmọ́ ó ti pẹ́ jù, itan náà jiná ní kíkúrú. Ó ń tiro, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ dúró pẹ́.

Gígé aṣọ, ìdúró ni wọ́n fi ń ṣe é. Àǹtí nìkan ló ń gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wa láti ọjọ́ tó ti dá a sílẹ̀. Báyìí, ó jókòó sórí àga, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ júwe fún mi lórí tábìlì, èmi sì ń gé e. Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi yá. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọ̀gá. Àwọn iléeṣẹ́ ń béèrè fún èmi gan-an. Mo ya fọ́tò ara mi lẹ́bàá tábìlì pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì ńlá, mo fi ránṣẹ́ sí Kétu. Ìyá mi fi han gbogbo àdúgbò. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo gé ẹ̀gbẹ́ kan kúrò nínú fọ́tò náà, ẹ̀gbẹ́ tí Àǹtí ti na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Gbogbo ohun tí mo wá wá ní ìlú yìí ni mo ti ń rí, mi ò sì mọ ọ̀nà tí mo lè gbà yọ̀ tí kò ní jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ń jó.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ nípa ẹ̀. Mò ń gé ṣòkòtò lọ́wọ́, òjò ń rọ̀, kò sí oníbàárà.

"Mo bínú sí ẹ fún ìgbà pípẹ́," ó ní. "Mi ò fẹ́ kó o rò pé mi ò bínú."

"Mo mọ̀, mà."

"Ó ti ń tán. Kò tíì tán." Ó fi ọ̀pá kan aṣọ náà. "O ti ń gé e wọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbójú sókè nídìí tábìlì, Wàsíù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́. Ó ti rù. Ó kí Àǹtí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí fi ọ̀pá tọ́ka sí àga, ó ní, "Dìde, jókòó." Ó sọ pé òun ti ríṣẹ́ gáàdì ní ilé ìwé kan ní Apẹ̀tẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n fún òun tóbi, ẹni tó wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ sanra. "Mi ò mọ ẹlòmíì tó ń rán yunifọ́ọ̀mù," ó ní.

Àǹtí na téèpù sí mi.

Wàsíù dìde, ó gbé apá sókè. Mo wọn èjìká rẹ̀, mo wọn àyà rẹ̀. Mo na ọwọ́ yí i ká láti wọn ìbàdí rẹ̀, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà rẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Àpá tó wà níwájú orí rẹ̀ ti funfun. Mo pe ìwọ̀n náà sókè, Àǹtí ń kọ ọ́ sórí páálí. Mo tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà lójú rẹ̀, mo dín in kù, mo rán an, mo lọ̀ ọ́. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó dà bí ẹni pé òun ni wọ́n rán an fún. Ó ki ọwọ́ bọ àpò láti sanwó. Mo ní kó fi sílẹ̀, Àǹtí sì dá mi lẹ́kun.

"Gbà á lọ́wọ́ ẹ̀," ó ní. "Jẹ́ kó san án."

Mo gbà á.

Nígbà tó ń lọ, ó yíjú sí Àǹtí. "Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́, Màmá?"

"Ó ń gbé mi kiri díẹ̀díẹ̀."

Ó mi orí. Ó wá wò mí, òun tó jẹ́ pé èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí láti ọjọ́ òpó iná yẹn.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Àǹtí?"

Téèpù wà lọ́wọ́ mi. Mò ń ká a, mo tún ń tú u. Àǹtí ò wò mí, ó gbójú lé páálí ọwọ́ rẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé òun náà ń dúró láti gbọ́.

"Mo wà," mo ní. Ohùn mi lọ sókè ju bí mo ṣe rò lọ, obìnrin tó ń kọjá níta yíjú wò wá. "Mo wà níbí."